Kérésì ń bọ̀: báwo lẹ ṣe ń tún ọkàn yín ṣe dè é?

Aránṣọ, Ìbàdàn

Ẹ kú ìmúra ọdún, ẹ̀yin ará. Ìrírí ni kí ẹ jẹ́ ká sọ o, kì í ṣe ìwàásù. Ẹni tó bá ń ránṣọ jẹun mọ̀ pé oṣù Disẹ́ńbà kì í jẹ́ kéèyàn mí. Ankò ìdílé kan ò tíì parí, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin á ti dé. Ìwé Lúùkù ni mo dì mú. Orí 24 ló ní. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù, tí mò ń ka orí kan lójúmọ́, ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la ni màá parí rẹ̀. Kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé ni mo máa ń kà á, lórí ẹ̀rọ ìránṣọ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ìbí Jésù tètè parí, orí kejì péré. Nígbà táwọn aládùúgbò bá ń pa adìẹ, ibojì tó ṣófo àti ọ̀nà Émáúsì, níbi tí Jésù tó jíǹde ti bá ọmọ ẹ̀yìn méjì rìn, ni èmi ń kà.

Orí kẹta ló máa ń bá mi jà. Jòhánù Onítẹ̀bọmi ní ẹni tó bá ní ẹ̀wù méjì, kó fún ẹni tí kò ní. Ẹ ò rí i pé aránṣọ ló ń bá wí! Àjákù aṣọ kún àpò lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n oníbàárà ló ni ín. Mo wá ń bèèrè lọ́wọ́ wọn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n fi ìyókù rán nǹkan fún ọmọ tí kò ní?" Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbà. Ẹnì kan fìbínú sọ pé mo fẹ́ jí aṣọ òun, mo bá di gbogbo àjákù rẹ̀ sínú ọ̀rá, mo kó o fún un. Lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ owó, ni mo máa ń rán tàwọn ọmọ náà.

Ọmọ ìjọ Àgùdà, Ọ̀yọ́

Ní tiwa, ìdúródeni ni. Ní àwọn Sọ́ńdè Ádífẹ́ǹtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣáájú Kérésì, a kì í kọ Glóríà, orin ògo fún Ọlọ́run. Etí á máa wá a, kò ní gbọ́. Tó bá wá di Máàsì òru Kérésì, tí agogo sọ, tí gbogbo ìjọ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, ara mi máa ń bù máṣọ. Àmọ́ ní ìgboro, láti Nòfẹ́ńbà ni wọ́n ti ń fi orin Kérésì di èèyàn létí. Ẹ tètè lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ o. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, á tò títí ẹsẹ̀ á fi wú.

Aránṣọ, Ìbàdàn

Bọ̀dá, ṣé ẹ máa ń gbààwẹ̀ náà?

Ọmọ ìjọ Àgùdà, Ọ̀yọ́

Kì í ṣe bíi ti Lẹ́ǹtì, ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, mà. Ọtí ni èmi máa ń fi sílẹ̀. Ìyàwó mi ní kí pópù bá òun sọ Ádífẹ́ǹtì di ọdún kan gbáko.

Nọ́ọ̀sì, Manchester

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má bínú sí mi. Ohun tó máa ń da ọkàn mi rú ṣáájú Kérésì kì í ṣe òtútù, fóònù ni. Bí Nòfẹ́ńbà bá ti ń parí lọ, ìkíni á yí padà. "Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Kérésì ń bọ̀ o." Ẹni tí kò béèrè àlàáfíà mi láti Àjíǹde á rántí oríkì mi. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n owó téèyàn fi òṣé rán, ta ló fẹ́ kí Ọlọ́run gbà á?

Màmá mi ló gbà mí nímọ̀ràn: "Fún wọn kí wọ́n tó bèèrè, kó má baà di gbèsè lọ́rùn rẹ." Tí owó oṣù bá ti wọlé báyìí, màá mú bírò àti ìwé. Màá gbàdúrà lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan: ìyá àgbà, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó àbúrò mi tó ń tọ́jú màmá, opó kan ládùúgbò wa. Ibi tí agbára mi mọ ni mò ń kọ, kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú Disẹ́ńbà sì tó parí, ó ti dé ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá tún bèèrè, màá fi ohùn tútù dá a lóhùn pé ọwọ́ mi ò tó o lọ́dún yìí. Àwọn kan ti tìtorí ẹ̀ yan mí lódì. Mo ṣì ń kí wọn.

Ó ṣe pàtàkì fún mi torí ẹnu iṣẹ́ ni òru Kérésì máa ń bá mi jù, ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà. Bí mo bá ń yí bàbá kan padà kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ má baà dégbò, Orin Màríà ni mò ń kà sínú: "Ọkàn mi yin Olúwa lógo." Bí ìkanra bá wà nínú nọ́ọ̀sì, ọwọ́ ẹ̀ á le. Aláìsàn sì mọ̀.

Bàbá ọlọ́mọ méjì, Àkúrẹ́

Ìyàwó mi kú lọ́dún tó kọjá, ọdún kù dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ará ìjọ ní kí n máa yọ̀ nínú Olúwa. Àlùfáà àgbà kan ò sọ bẹ́ẹ̀. Mátíù orí kejì ló ṣí fún mi, níbi tí Rákẹ́lì ti ń sunkún àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò gbìpẹ̀. Ó ní ìtàn Kérésì náà nìyẹn, pé ìjọ tiẹ̀ ya ọjọ́ 28 oṣù Disẹ́ńbà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí Ọba Hẹ́rọ́dù pa nígbà tó ń wá Jésù. Mo bá jẹ́ káwọn ọmọ mi sunkún. Lẹ́yìn àdúrà alẹ́, kálukú á sọ ohun tó rántí nípa ìyá wọn. Èyí àbúrò ní màmá òun máa ń jó ìrẹsì mọ́ ìkòkò, á ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe fẹ́ ẹ. A rẹ́rìn-ín gan-an. A ò ra aṣọ ọdún nígbà yẹn. Lọ́dún yìí, a máa rà.

Ọmọ ìpàgọ́, Ìlọrin

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ìjọ tí wọ́n ti tọ́ èmi kì í ṣọdún Kérésì. Wọ́n ní Bíbélì ò dá ọjọ́ kankan fún un, kò sì dá a lóòótọ́. Ìpàgọ́ la máa ń lọ: ẹní, ẹ̀wà, ẹ̀kọ́ Bíbélì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ níwájú Ọlọ́run. Mo ti wá fẹ́ ọmọ Áńgílíkà báyìí, igi Kérésì sì wà ní pálọ̀ mi. Àríyànjiyàn mi kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo ìmúrasílẹ̀ yín máa ń parí lọ́jọ́ 25. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, pé ọjọ́ méjìlá ni Kérésì tàwọn, ó di ọjọ́ 5 oṣù Jánúárì kó tó tán. Ó dáa, mo gbà. Ta ló ń pa á mọ́ nínú yín? Ẹ dáhùn o.