Ṣé kí n ṣì máa fa irin wá sẹ́yìn ọrùn?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ ọdún 41 ni mí, Bódìjà níbí ni mo ti ń lọ sí jíìmù láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ara mi yá gágá, àfi ìgbà tí kóòṣì wa ní kí n máa fa irin òkè wálẹ̀ sẹ́yìn ọrùn dípò àyà. Kí n tó lè ṣe é, mo gbọ́dọ̀ ti orí síwájú, kí n sì yí apá méjèèjì sẹ́yìn pátápátá. Láti ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, èjìká ọ̀tún ń ro mí. Láàárọ̀ àná, ọwọ́ mi ò dé ẹ̀yìn láti so kọ́mú. Ọmọ mi ló bá mi so ó. Ó ká mi lára gan-an.

Kóòṣì ní bí ara ṣe ń ro ló ṣe ń le. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìrora iṣan tó rẹ̀ kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Inú oríkèé ni tèyí wà, ó sì ń jí mi lóru bí mo bá fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀.

Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ṣé kí n sinmi ná ni, àbí kí n tètè lọ rí àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, ní ilé ìwòsàn UCH? Ṣé fífà á wá sí àyà nìkan tó láti mú ẹ̀yìn le? Àgbà ni kóòṣì yìí sí mi, wọ́n sì ń ṣe dáadáa sí mi. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò fi ní rí i bí àfojúdi?