Ọmọ coyote wà nínú gáráàjì mi o

Ìyá Ìbejì, Katy:
Ẹ kú déédé ìwòyí o, ẹ̀yin ará wa tá a jọ wà ní Texas. Ẹ dákun, ta ló mọ̀ nípa coyote, ẹranko ìgbẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó jọ ajá? Ní Sátidé, Bàbá Ìbejì rìn dé ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́lé sí lẹ́yìn ẹ̀sítéètì wa, ló bá gbé ọmọ ẹranko kan bọ̀. Ó ní ọmọ ajá ni, ìyá ẹ̀ ti já a sílẹ̀. Òyìnbó aládùúgbò wa ló rí i tó ní coyote ni. Kò ju ọmọ ológbò lọ, irun ẹ̀ rí bí aṣọ tí èéfín gbà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú. Kẹ́hìndé ti sọ ọ́ ní Bingo, inú bàtà Kẹ́hìndé náà ló ń sùn. Mo fún un ní mílíìkì inú agolo tí mo fi omi là, ìgbẹ́ gbuuru ló fi dá mi lóhùn. Ṣé èèyàn lè tọ́ ọ bí ajá? Bàbá Ìbejì ní á máa bá wa ṣọ́lé.

Sister Nọ́ọ̀sì, San Antonio:
Ká tó sọ ti ṣíṣọ́lé, ṣé ó ti gé ẹnikẹ́ni jẹ? Ṣé ó ti lá àwọn ọmọ lójú tàbí lẹ́nu? Ṣé ọgbẹ́ wà lọ́wọ́ wọn?

Ìyá Ìbejì, Katy:
Kò gé ẹnikẹ́ni jẹ. Àtẹ́lẹwọ́ nìkan ló lá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ọwọ́ wọn wò lábẹ́ iná báyìí, kò sí ọgbẹ́ kankan.

Sister Nọ́ọ̀sì, San Antonio:
Ọpẹ́ ni. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n lọ́wọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ pe dókítà wọn láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ ròyìn gbogbo ẹ̀ fún un. Látòní lọ, kí àwọn ọmọ má fọwọ́ kàn án mọ́, kí ẹ̀yin náà wọ ìbọ̀wọ́. Dìgbòlugi ló ń bà mí lẹ́rù. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí wà fún ajá, ó wà fún ológbò, kò sí fún coyote. Bí dókítà ẹranko kan bá tiẹ̀ gún un, wọn ò ní kà á sí. Bí ajá bá gé èèyàn jẹ, wọ́n lè tì í mọ́lé fún ọjọ́ 10, kí wọ́n máa wò ó. Bó bá ṣe coyote, pípa ni wọ́n máa ń pa á, kí wọ́n lè yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò. Àwa tá a wà ní gúúsù Texas níbí kì í fi í ṣeré: lọ́dún 1988, dìgbòlugi bẹ́ sáàárín wọn lẹ́bàá ibodè Mẹ́síkò, ó di 1995 kí wọ́n tó máa fi bàálù fọ́n oúnjẹ tó ní oògùn sínú igbó fún wọn. Ìjọba ló ń fọ́n ìyẹn o, kì í ṣe nǹkan tí onílé lè rà.

Àbúrò Dallas:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mi ò kì í ṣe lọ́yà, ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òfin Texas to coyote mọ́ kìnnìún àti ẹkùn, ẹranko eléwu ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, á forúkọ sílẹ̀, á tún ní insọ́ránsì $100,000. Ẹ má sì gbé e sínú ọkọ̀ yín kiri, òfin dìgbòlugi ò gbà kí ará ìlú máa gbé coyote káàkiri. Ẹni tí ìwé ẹ̀ ò tíì jáde, kó má fọwọ́ ara ẹ̀ wá ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.

Bọ̀dá Amarillo:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo bá a gbé sọ tèmi. Mo ṣiṣẹ́ lóko màlúù kan níbí kí n tó bọ́ sídìí ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀gá mi tọ́ ọ̀kan láti ìgbà tí kò tíì lajú. Fídà ló fi ń fún un ní mílíìkì ọmọ ajá, kì í ṣe ti màlúù. Tó bá rí ọ̀gá mi, á wólẹ̀, á máa fi ìdí jó, á tọ̀ sílẹ̀ fún ayọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi àti ìyàwó ẹ̀ nìkan ló mọ̀ láyé. Èmi tí mò ń fún un ní adìyẹ tútù lójoojúmọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀yìn òun rí.

Ṣíṣọ́lé kẹ̀? Bàbá Ìbejì, ẹ gbàgbé ìyẹn. Kẹ́nìkan kan ilẹ̀kùn báyìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbà lọ. Olè á kó ilé tán, kò ní pariwo.

Ìgbà òtútù tó kọ́kọ́ rí ni nǹkan yí. Àsìkò yẹn ni wọ́n ń gùn, ara wọn kì í balẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá mi fẹ́ ṣa egungun gbígbẹ kan kúrò nílẹ̀ kó lè gbálẹ̀. Coyote náà ò gbó mọ́ ọn. Ó dẹ etí sẹ́yìn, ó tẹ ẹ̀yìn bíi ológbò, ó wá la ẹnu gbàgà bí ẹni ń yán, ó ń ṣe “háà” jẹ́jẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè mí. Ìyá náà rọra fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn jáde. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n mú coyote náà kúrò nínú ilé. Wáyà tí wọ́n fi ṣe ilé fún un ní òrùlé, wọ́n tún rì í mọ́lẹ̀, torí ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó sì ń gun fẹ́ǹsì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà bí ẹni gun àga. Wọn ò lè tú u sígbó, kò bẹ̀rù èèyàn mọ́. Wọn ò sì lè rìnrìn àjò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣe Kérésì nílé, ta lẹ máa gbé e tì?

Ìyá Bingo ò já a sílẹ̀ o, ọdẹ ló lọ. Ẹ pe àwọn tó níwèé àṣẹ láti tọ́jú ẹranko ìgbẹ́, lálẹ́ òní.

Ìyá Ìbejì, Katy:
Mo pè wọ́n. Obìnrin kan wá wò ó nílé, ó fi nǹkan bojú, kò bá a sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ní kó má baà mọ́ ohùn èèyàn lára. Ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ, ó dà á dùbúlẹ̀ níbi tí Bàbá Ìbejì ti rí i. A jókòó sínú ọkọ̀ lókèèrè, a paná. Aago mẹ́sàn-án kọjá kí ìyá ẹ̀ tó yọ láàárín àwọn páìpù kọ̀ńkéré. Ó tínrín, ó lẹ́sẹ̀ gígùn. Ó yí apẹ̀rẹ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó fi ẹnu gbé e, ó lọ. Kẹ́hìndé ń sunkún, Táíwò ń bi bàbá ẹ̀ pé ìgbà wo la máa ra ajá.

Sister Nọ́ọ̀sì, San Antonio:
Dókítà àwọn ọmọ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Katy:
Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bi mí lòun náà bi mí, ó ní wọn ò nílò abẹ́rẹ́. Bàtà Kẹ́hìndé ló kù. Ó ti tọ̀ sínú ẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn yẹn ò lọ.