Èló ló tó fi fẹ̀yìn tì ní Abuja? Ẹ fi ìṣirò sọ ọ́

Olùdarí ìjíròrò
Ẹ̀yin ará Abuja, Kaduna, Kano, Jos àti gbogbo òkè ọya, ẹ kú iṣẹ́ o. Èló ni èèyàn máa ní lọ́wọ́ kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó sì jẹ ìgbádùn ọjọ́ alẹ́ rẹ̀? Ẹnìkan ní 50 mílíọ̀nù, ẹlòmíì ní 500. Iye yòówù tí ẹ bá dá, ẹ sọ bí ẹ ṣe dé ibẹ̀. Ẹ má kàn dárúkọ owó lásán.

Oníṣirò, Kubwa
Ẹ fi owó ńlá yẹn sílẹ̀ ná. Ìnáwó oṣù kan ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ká mú tọkọtaya tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí wọ́n ń gbé ilé ara wọn ní Kubwa, tí àwọn ọmọ ti kúrò nílé. Oúnjẹ 150,000, epo mọ́tò àti owó ọkọ̀ 50,000, oògùn àti àyẹ̀wò 40,000, iná mànàmáná àti gáàsì 35,000, àtúnṣe ilé àti mọ́tò 30,000, fóònù àti dátà 15,000, òde, ìdáwó mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, àti bùkátà ẹbí 40,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 360,000 náírà lóṣù, ìyẹn 4,320,000 lọ́dún. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá kọ 5,000 síwájú òde àti ẹbí, ara rẹ̀ ló ń tàn. Yorùbá ni wá.

Ìlànà kan wà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà: kó ìnáwó ọdún kan jọ lọ́nà 25, mú 4% nínú rẹ̀ ná lọ́dún àkọ́kọ́, kí o sì máa fi iye tí ọjà fi gbówó lórí kún un lọ́dọọdún. William Bengen ló gbé e jáde ní 1994. Ìtàn ọjà ìdókòwò Amẹ́ríkà ló fi ṣirò rẹ̀, ó sì wo ọgbọ̀n ọdún. Tí ẹ bá gbé e wá síbí, 4,320,000 lọ́nà 25 jẹ́ 108 mílíọ̀nù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dá ìṣirò dúró.

Àmọ́ ọ̀wọ́ngógó tiwa kì í ṣe tiwọn. Ní December 2024, 34.80% ni NBS, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, kéde, kí wọ́n tó yí ọdún tí wọ́n fi ń díwọ̀n padà. Lásìkò yẹn, 27.5% ni èlé tí báǹkì àpapọ̀ (CBN) fi ń darí ọjà owó. Ká ní ọ̀wọ́ngógó wà ní 25%, tí owó yín ń mú èlé 19% wọlé, tí ẹ sì ń ná iye ọjà kan náà lọ́dọọdún: 108 mílíọ̀nù yẹn kò ní pé ọdún 17 tó fi máa gbẹ. Kó tó lè gbé yín fún ọdún 25, ìlọ́po 48 ìnáwó ọdún kan lẹ máa nílò, ìyẹn bíi 207 mílíọ̀nù. Bí èlé àti ọ̀wọ́ngógó bá dọ́gba, 108 á tó ọdún 25 géérégé. Ẹ wò ó, ìnáwó kan náà ni, ọdún kan náà ni. Àlàfo tó wà láàárín èlé àti ọ̀wọ́ngógó ló sọ 108 di 207. Nítorí náà, ẹni tó bá dá iye kan ṣoṣo fún gbogbo ayé, kò tíì ṣirò.

Màmá Ṣadé, Lugbe
Hà, ẹ̀gbọ́n! Ẹ fẹ́ lé wa padà sẹ́nu iṣẹ́ ni? Òṣìṣẹ́ ìjọba wo ló máa rí 207 mílíọ̀nù kó jọ? Pẹ́ńṣàn ńkọ́?

Alàgbà Sẹkitéríàtì
Ìyá Ṣadé, òótọ́ lẹ sọ. Pẹ́ńṣàn ló yẹ ká kọ́kọ́ yọ kúrò. Bó bá ń mú 120,000 wọlé nínú 360,000 yẹn, 240,000 ló kù tí owó ọwọ́ yín máa gbé, 108 mílíọ̀nù sì ti di 72.

Bí owó náà ṣe ń rìn nìyí. Lábẹ́ òfin pẹ́ńṣàn 2014, wọ́n ń yọ 8% lára owó oṣù yín, agbanisíṣẹ́ ń fi 10% kún un. Lórí owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣirò rẹ̀. Ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ jẹ́ 300,000, tirẹ̀ 24,000, ti ìjọba 30,000, gbogbo ẹ̀ 54,000 lóṣù ló ń wọ inú àkáǹtì pẹ́ńṣàn rẹ̀ (RSA). Ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, lẹ máa fẹ̀yìn tì. Ti àwọn tíṣà ti di 65 tàbí ọdún 40 láti 2022.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni owó àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kó fúnni. Òfin ní ohun tó bá kù nínú àkáǹtì gbọ́dọ̀ lè san ó kéré tán ìdajì owó ọdún tẹ́ ẹ ń gbà nígbà tẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ń gba 300,000, ohun tó kù gbọ́dọ̀ lè san 150,000 lóṣù. Wọ́n á kọ́kọ́ ya ìyẹn sọ́tọ̀, èyí tó bá lé ló máa kàn yín lọ́wọ́. Bí àkáǹtì bá tín-ín-rín, owó àkọ́kọ́ náà á tín-ín-rín. Ẹ má fi owó yẹn ṣèlérí ilé fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó rí ìwé ìṣirò lọ́wọ́ PFA yín, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó pẹ́ńṣàn yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa yan ọ̀kan nínú méjì. Programmed withdrawal: owó wà lọ́dọ̀ PFA, wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀, bí ẹ bá kú, ìyókù di ti àwọn ajogún. Annuity: ẹ fi owó ra ìlérí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò, wọ́n á máa san án títí ẹ ó fi kú; bí ẹ bá kú kí ọdún mẹ́wàá tó pé, wọ́n á san ti ọdún tó kù fún ajogún, àmọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò sí nǹkan kan fún wọn mọ́. Ẹni tó wà lórí programmed withdrawal lè bọ́ sí annuity. Ẹni tó ti ra annuity kò lè padà. Èrò tèmi: ẹni tí àìsàn líle ń bá jà, tó ní ìyàwó tó kéré sí i dáadáa lọ́jọ́ orí, kó má sáré ra annuity. Ẹni tí ìdílé wọn máa ń gbó, tí kò sì fẹ́ kí owó tán kóun tó tán, annuity yẹ ẹ́.

Àwọn tó wà lábẹ́ ìjọba Kano àti Jigawa, ètò tiyín yàtọ̀. Ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Ẹ má fi ohun tí mo kọ yìí ṣirò tiyín.

Bọ̀dá Bọ́ǹdì, Wuse
Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan kún un, nítorí ibi tí owó bá jókòó sí ló ń pinnu bóyá àlàfo tí ẹ̀gbọ́n Oníṣirò sọ máa fẹ̀ tàbí á dín.

FGN Savings Bond, ìyẹn owó tí ẹ yá ìjọba àpapọ̀ kó máa san èlé: DMO, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2017, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta. 5,000 ló kéré jù, 50 mílíọ̀nù ló pọ̀ jù. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni èlé ń wọlé. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ pín owó sí mẹ́ta: ẹ ra ti January, ti February, ti March. Láti ìgbà náà, èlé kan á máa wọlé lóṣooṣù bí owó oṣù. Ọ̀dọ̀ alágbàtà ìpín ìdókòwò tí DMO gbà wọlé lẹ máa lọ, wọ́n á ṣí àkáǹtì CSCS, ibi tí wọ́n ń kọ ohun ìdókòwò yín sí, fún yín; BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì yín ṣe pàtàkì. Ibi tó ti ń bàjẹ́: èèyàn á kó gbogbo owó sí oṣù kan, lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá pé lẹ́ẹ̀kan náà, èlé ti já wálẹ̀. Òmíràn á ní òun lè tà á nígbàkígbà. Lóòótọ́ ó ṣeé tà, ṣùgbọ́n olùrà kì í yá.

Treasury bills, owó tí ẹ yá ìjọba fún ìgbà kúkúrú: ọjọ́ 91, 182 tàbí 364. Wọ́n ń yọ èlé síwájú. Bí ẹ bá ra ti mílíọ̀nù kan fún ọjọ́ 364 ní 18%, bíi 820,000 ló máa kúrò lọ́wọ́ yín, mílíọ̀nù kan á sì padà wá. Èlé gidi ibẹ̀ sún mọ́ 22%, kì í ṣe 18. Ṣùgbọ́n 180,000 tó ṣẹ́ kù sínú àkáǹtì yẹn ló ń pa àwọn èèyàn: wọ́n á ná an, wọ́n á rò pé owó ń dàgbà, mílíọ̀nù kan ṣì ni mílíọ̀nù kan lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ fi ra òmíràn.

Ẹni tí kò fẹ́ èlé nítorí ẹ̀sìn, Sukuk ìjọba àpapọ̀ wà láti 2017, 10,000 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, owó ìyálò ló ń san. Nínú pẹ́ńṣàn náà, Fund VI, àpò tí kò ní èlé nínú, ni tiyín.

Ẹ tún fi díẹ̀ sí dọ́là. Mílíọ̀nù kan náírà ní May 2023 lè ra bíi 2,100 dọ́là ní iye ìjọba. Ní ìparí 2024, kò ju bíi 650 lọ. Oògùn, sólà, páàtì mọ́tò, gbogbo wọn ló ń tẹ̀ lé dọ́là.

Ẹni tó bá ṣèlérí 30% lóṣù fún yín, ẹ sá. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni MMM tó dì pa ní December 2016 àti CBEX tó dì pa ní April 2025, owó ìfẹ̀yìntì sì wà lára ohun tó bá a lọ.

Ìyá Ọlọ́jà
Àwa tí a ò ní agbanisíṣẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Láti 2019 ni PenCom, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń darí pẹ́ńṣàn, ti ń gba oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ láyè láti ṣí àkáǹtì pẹ́ńṣàn fúnra wọn. Àmọ́ àjọ lọ̀pọ̀ wa mọ̀. Àjọ dára fún kíkó jọ, kò dára fún fífi pa mọ́. Ẹ wò ó: 2,000 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ 60,000, alájọ yọ ti ọjọ́ kan, 58,000 délé. Ẹ ti pàdánù ju 3% lọ kí ọ̀wọ́ngógó tó dá sí i. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ gbé ìdajì rẹ̀ lọ síbi tí Bọ̀dá Bọ́ǹdì sọ, kí aṣọ ẹbí tó gbọ́.

Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì o. Àwìn wà níbẹ̀, èyí tó bàjẹ́ wà níbẹ̀, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á kíá, ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ pé ẹ ń kánjú.

Ọmọ Ọ̀fà, Sabon Gari Kano
Ẹ̀yin ará Abuja ń náwó jù! 150,000 oúnjẹ yẹn, ẹni tó bá mọ àsìkò á dín in kù. Láàárín October sí December ni ọkà, ẹ̀wà àti ìrẹsì máa ń pọ̀ ní ọjà Dawanau níbí. Tó bá di June tàbí July, kí tuntun tó jáde, owó rẹ̀ á ti gòkè. Ẹni tó ní ibi ìpamọ́ lè ra ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀wà lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́: ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ fi sínú àpò PICS onípele mẹ́ta, rọ́bà méjì nínú, àpò híhun lóde. Ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ di rọ́bà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kòkòrò á kú nítorí wọn ò rí afẹ́fẹ́ mí, kò gba oògùn kankan. Bí rọ́bà bá lu, iṣẹ́ ti bàjẹ́, nítorí náà ẹ má gbé e sórí ilẹ̀ lásán, eku ò sùn.

Ti ilé ní Abuja, ẹ jọ̀ọ́: ẹ wo orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé ní AGIS, ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ Abuja, kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ilé inú ẹ́sítéètì, orúkọ ẹni tó kọ́ ẹ́sítéètì ló wà lórí ilẹ̀, ẹni tó ra ilé kò ní ìwé tirẹ̀. Ilẹ̀ tó jẹ́ pé ìwé Area Council nìkan ló ní, ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn. Kẹ́ ẹ sì fi owó ilẹ̀ ọdọọdún sínú ìṣirò. Ní March 2025, FCT gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ilẹ̀ padà nítorí gbèsè rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Gwagwalada
40,000 oògùn yẹn, fún ẹni tí ara rẹ̀ le ni. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà papọ̀ yẹ kó ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ (HbA1c) lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta bí ṣúgà kò bá tíì wálẹ̀, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà bó bá ti dúró; kíndìnrín àti ojú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ìwọ̀nyí lówó ju oògùn ojoojúmọ́ lọ nígbà míì. Ẹ ya owó ìlera sọ́tọ̀, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ti oúnjẹ. Oògùn tí wọ́n ń gbé wọlé kì í tẹ̀ lé ọ̀wọ́ngógó tí NBS ń kéde: nígbà tí GSK, ilé-iṣẹ́ oògùn, kéde ní August 2023 pé àwọn ń kó iṣẹ́ kúrò nílẹ̀ yìí, iye inhaler, oògùn tí àwọn oní-ikọ́ fée ń fà símú, fò sókè.

Kí oṣù ìkẹyìn lẹ́nu iṣẹ́ tó pé, ẹ béèrè lọ́dọ̀ NHIA (àwọn tó ń bójú tó ètò adójútòfò ìlera ìjọba) àti HMO yín ọjọ́ tí ìtọ́jú yín máa dópin àti ohun tí ẹ máa san láti máa bá a lọ. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tí ara ò yá, owó ọwọ́ ló máa fi sanwó.

Màmá Ṣadé, Lugbe
Alàgbà, ìbéèrè kan ṣì kù. Orúkọ ọkọ mi lórí NIN ni Abdulraheem, lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́ Abdulrahim. Ọdún méjì ló kù fún un.

Alàgbà Sẹkitéríàtì
Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe béèrè nísinsìnyí. Irú rẹ̀ ló ń dá owó ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Kó kó ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga, ìwé ọjọ́ ìbí, NIN àti BVN sórí tábìlì kan, kó kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá bá ìwé ìgbanisíṣẹ́ mu ni kó fi ṣe òdiwọ̀n. NIN ni kó kọ́kọ́ tún ṣe, pẹ̀lú ìwé ìbúra kóòtù, nítorí báǹkì àti PFA á béèrè rẹ̀; lẹ́yìn náà BVN, lẹ́yìn náà RSA lọ́dọ̀ PFA. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti RSA, wọ́n á dá a padà. Bí ọjọ́ ìbí náà bá yàtọ̀, àtúnṣe lọ́dọ̀ NPC, iléeṣẹ́ tó ń kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, tún wà níbẹ̀, ìyẹn máa ń pẹ́, kó má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.