Mítà Iná Wà Lára Ògiri Tí A Fẹ́ Wó: Kí Ni Kí A Ṣe?

Ìyá Tóbi, Ìbàdàn:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti àbúrò tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Òkè-Àdó ni èmi àti àwọn àbúrò mi ń tún ṣe lọ́wọ́. Ògiri fáráńdà iwájú ti là láti òkè dé ilẹ̀, nítorí náà a ti fi ẹnu kò pé kí a wó o, kí a sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì tó dojú kọ títì sí ibẹ̀. Ara ògiri yẹn gan-an ni mítà iná wa wà, wáyà tó sì ti orí òpó wá gba abẹ́ òrùlé fáráńdà náà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bíríkìlà wa ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú. Ó ní òun mọ oníná kan tí yóò wá ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná kò sí nítòsí, tí yóò tú mítà náà, tí yóò sì kàn án mọ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà. Àbúrò mi ọkùnrin ti fẹ́ ka owó fún un, èmi ni mo ní kí ó ṣì dúró.

Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ni mítà yìí gan-an, àwa tàbí àwọn? Iná tí a ti rà sínú rẹ̀ lé díẹ̀ ní 90 yúníìtì. Ṣé yóò ṣòfò bí a bá gbé e kúrò? Níbo ni ó sì yẹ kí a gbé e sí? Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri.

Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ìyá Tóbi, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Mo ti fi iṣẹ́ iná jẹun láti ìgbà tó ṣì ń jẹ́ NEPA títí di oṣù Kọkànlá 2013, nígbà tí ìjọba fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ní ṣókí ná: ẹ má jẹ́ kí oníná ọjọ́ Àìkú yẹn fọwọ́ kan mítà náà.

Láti orí òpó títí dé inú mítà, abẹ́ àkóso ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ni gbogbo rẹ̀ wà, kódà bí onílé bá ti owó ara rẹ̀ bọ mítà náà. Láti ibi tí wáyà ti jáde kúrò nínú mítà wọ inú ilé ni tiyín ti bẹ̀rẹ̀. Èdìdì tí wọ́n fi sí ìdérí rẹ̀ ni ààlà. Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 sì ka fífi ọwọ́ ba mítà jẹ́ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó bá sì já èdìdì láìgbàṣẹ ni yóò máa wá àlàyé ṣe.

Ohun tí bíríkìlà yín kò mọ̀ ni pé mítà àsansílẹ̀ kì í gbàgbé. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, bọ́tìnnì kékeré kan wà lábẹ́ ìdérí tó bo ẹnu wáyà, ìdérí náà ni ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tú ìdérí yẹn, bọ́tìnnì yóò yọ sókè, mítà yóò kọ ọ́ sínú ìrántí rẹ̀ pé wọ́n ti ṣí mi, yóò sì pa iná inú ilé. Ẹ má rò pé bí wọ́n bá kọ́kọ́ já wáyà lórí òpó, ojú rẹ̀ yóò fọ́. Bátìrì kékeré wà nínú rẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí yóò jí i bí kò ṣe ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan tó gùn tó 20, tí ó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń fún wa bí a bá ra iná, inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ iná nìkan ni nọ́ńbà náà sì ti ń jáde.

Mo tún fẹ́ kí àbúrò yín mọ ohun kan. Bí ẹ bá pa gbogbo iná inú ilé, tí ẹ tilẹ̀ yọ gbogbo fíùsì, iná ṣì wà nínú wáyà tó ti orí òpó wọ inú mítà. Orí òpó ni a ti ń pa á, ẹni tí wọ́n sì yàn ni ó ń gun òpó.

Ìyá Ráṣìdí, Abẹ́òkúta:

Ohun tí Bàbá Ìbejì sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí a ń fẹ pálọ̀ wa, oníná àdúgbò kan sún mítà kúrò lára fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Iná kò tàn mọ́. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì wọn láti gba nọ́ńbà tí yóò jí i, ẹni tó wà lórí àga kò tilẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ pálọ̀. Ohun tí ó ń bi mí ni pé oṣù mélòó ni mo ti fi ń jí iná lò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi wà nínú òkùnkùn, ẹja inú fíríìsà mi sì di ohun tí a ń sin sí ẹ̀yìnkùlé.

Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà àti nọ́ńbà àkáǹtì yín sí i, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ gbé e àti ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kejì kí ẹ sì mú un padà sílé, nítorí pé lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò kọ. Ẹ ya àwòrán mítà náà bí ó ṣe wà, kí èdìdì rẹ̀ hàn, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, kí yúníìtì tó kù sì hàn lójú rẹ̀. Owó yòówù tí wọ́n bá ní kí ẹ san, inú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ san án sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó gun òpó.

Àkànbí, Ìkòròdú:

Ẹ̀yin ènìyàn wọ̀nyí, ẹ ń dẹ́rù ba ìyá yìí jù. Èmi sún mítà ilé wa ní 2008, oníná àdúgbò ni ó bá wa ṣe é, ẹnikẹ́ni kò sì bi wá léèrè.

Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:

Àkànbí ọmọ mi, ṣé mítà tó ní irin pẹlẹbẹ tó ń yí po nínú rẹ̀ ni, èyí tí ènìyàn máa ń wá kà lóṣooṣù?

Àkànbí, Ìkòròdú:

Òun ni, sà.

Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ìyẹn kò ní ọpọlọ tí yóò fi rántí yín. Ti ìsinsìnyí ní.

Ará Peckham, London:

Níbí náà, kò sí ẹni tó máa ń já èdìdì fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ méjì ni mo ti gbà á nígbà tí a ń fẹ ilé ìdáná wa: àwọn tó ni wáyà inú ilẹ̀ ni wọ́n wá sún fíùsì ńlá, àwọn tí a ń ra iná lọ́wọ́ wọn sì ni wọ́n wá sún mítà, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bíríkìlà wa kàn ń wò wá ni, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ń lọ. Bí ti Ìbàdàn bá jẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó yá ju tiwa lọ nìyẹn.

Ìyá Tóbi, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ní kí bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ẹ̀yìn ilé, kí ó fi fáráńdà sílẹ̀ ná. Mítà tiwa, ara ògiri ni òun àti bọ́tìnnì tí a fi ń tẹ nọ́ńbà jọ wà, wọn kò gbé e sí orí òpó bíi ti àwọn aládùúgbò kan. Ohun kan ni ó ń kọ mí lóminú: orúkọ bàbá wa tó ti di olóògbé ni ó ṣì wà lórí àkáǹtì, gbèsè ìgbà tí wọ́n máa ń fi ojú bù bíìlì fún wa sì wà lórí rẹ̀. Ṣé bí mo bá lọ, kì í ṣe pé mo lọ fi ara mi hàn?

Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ó dára bí ẹ ṣe sọ pé kì í ṣe ti orí òpó. Ti orí òpó ni ó rọrùn jù, nítorí pé ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń tẹ nọ́ńbà nìkan ni ó máa ń wà nínú ilé, ẹ lè yọ ọ́ lára ihò iná kan kí ẹ sì kì í bọ òmíràn láìbi ẹnikẹ́ni.

Ní ti gbèsè, wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, inú kọ̀ǹpútà wọn ni ó wà. Ẹ mú ìwé ikú bàbá àti ìwé ilé lọ, kí ẹ ní kí wọ́n yí orúkọ padà nígbà kan náà, kí ẹ sì béèrè bí ẹ ṣe lè máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ẹ gbà á ní ìwé. Ọ̀rọ̀ 90 yúníìtì yẹn ńkọ́? Inú mítà ni ó wà, kò sí lára ògiri. Bí mítà kan náà bá lọ sí ibòmíràn, yóò bá a lọ. Bí wọ́n bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nìkan ni kí ẹ rọ̀ wọ́n kí wọ́n gbé èyí tó kù sórí tuntun, àwòrán tí Ìyá Ráṣìdí ní kí ẹ yà yóò sì wúlò níbẹ̀. Kí ẹ tún rántí pé láti ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá 2024, mítà tí a kò bá tẹ ọ̀wọ́ nọ́ńbà ìyípadà méjì tí ilé-iṣẹ́ iná fún àwọn oníbàárà sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó nọ́ńbà 20, kò gba nọ́ńbà iná tí a bá rà mọ́. Bí ó bá jẹ́ mítà tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ni wọ́n gbé fún yín, ẹ béèrè kí wọ́n tó kúrò.

Oníná Àkúrẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti èmi kún un, nítorí pé èyí tó kàn yín gan-an, láti inú mítà wọ inú ilé, iṣẹ́ wa ni.

Ibi tí ẹ óò gbé mítà sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí òṣìṣẹ́ wọn lè dé láìkan ilẹ̀kùn yín, tí òjò kò lù, tí ojú rẹ̀ sì ga tó ojú ènìyàn, bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí ilẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí sílíńdà gáàsì, kò sì gbọ́dọ̀ sí nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ fẹ́ fi háyà, nítorí pé lọ́jọ́ tí ayálégbé bá ti ilẹ̀kùn tó sì lọ sí ìlú rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ óò jókòó sínú òkùnkùn.

Àwọn ènìyàn kan fẹ́ràn kí ó wà lẹ́nu géètì. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó jìn ń jẹ iná. Bí ó bá jẹ́ ọgbọ̀n mítà (mítà tí a fi ń wọn ọ̀nà ni mo ń wí o) ni ó wà láàárín géètì àti àpótí fíùsì, tí ẹ sì ń fa 40 amps, wáyà bàbà 6 mm² yóò pàdánù nǹkan bíi 9 volts lójú ọ̀nà. 16 mm² kò ní pàdánù ju 3 volts àti díẹ̀ lọ. Ní àdúgbò tí iná ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, 9 yẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù yín dìde.

Bí wáyà òpó kò bá gùn tó ibi tuntun, ẹ má gbà kí wọ́n so ó pọ̀. Álúmínọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ wáyà òpó, bàbà sì ni ti inú ilé. Bí a bá kàn lọ́ wọn mọ́ra, tí òjò sì débẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé yóò máa jẹra, yóò máa gbóná, títí yóò fi jó. Mo ti rí òrùlé tó dúdú nítorí ìsopọ̀ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fa tuntun láti orí òpó láìní oríkèé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo changeover, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń yí ilé láti orí iná òpó sí orí jẹnẹrétọ̀. Bí mítà bá sún tí wọ́n sì gbàgbé láti da wáyà jẹnẹrétọ̀ gba inú changeover, iná jẹnẹrétọ̀ yín lè padà sí orí òpó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò sì ní mọ̀. Ẹ wo irin tó wọ ilẹ̀ náà, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́ fáráńdà tí ẹ fẹ́ wó, òmíràn gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kí ẹ tó tan iná. Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí, kí ó jẹ́ ẹni tí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò iṣẹ́ iná, fún ní ìwé-ẹ̀rí.

Láti ìgbà tí owó iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́ fún, ó kéré tán) ti fò sókè dé náírà 225 fún yúníìtì kan ní oṣù Kẹrin 2024, ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ lórí mítà kan tí onílé àti oníṣọ́ọ̀bù jọ ń lò kò kéré mọ́. Ẹ béèrè mítà fún ṣọ́ọ̀bù méjèèjì lọ́tọ̀ nínú lẹ́tà kan náà.

Ìyá Tóbi, Ìbàdàn:

Mo padà wá, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn tí mo mú lẹ́tà lọ ni wọ́n wá, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti kọ́kọ́ wá wo ibẹ̀. Wọn kò gbà kí a gbé e sí yàrá ẹ̀yìn tí bíríkìlà sọ. Ògiri ẹ̀gbẹ́, lójú ọ̀nà tó wọ àgbàlá, ni wọ́n yàn, a sì ṣe ìbòrí irin kékeré lé e lórí nítorí òjò. Wáyà òpó kò tó, wọ́n fa tuntun bí Oníná Àkúrẹ́ ṣe ní kí a béèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, 61 yúníìtì ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti èdìdì tuntun pa tí iná sì dé, 61 náà ni.

Irin ilẹ̀ wà lábẹ́ fáráńdà lóòótọ́, nítorí náà a rì òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Mítà ṣọ́ọ̀bù ni kò tíì dé. Oníná wa ti fa wáyà wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi rọ́bà dí ẹnu wọn. Àná ni bíríkìlà wó fáráńdà.