Kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ ò tan mọ́, fáànù á yí díẹ̀ á tún dákẹ́

òwúrọ̀_kùtù:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mo ti ń lò fún ọdún 15 ló kọ̀ tí ò tan látàárọ̀ àná. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀, iná kékeré iwájú yẹn á tàn, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tó bá ti tó bíi sẹ́kọ́ńdù 2 gbogbo ẹ̀ á dákẹ́ wẹ́lo, á tún gbéra fúnra ẹ̀, á tún dákẹ́, bẹ́ẹ̀ lá máa ṣe ṣáá títí mà á fi yọ wáyà ẹ̀. Mọ́nítọ̀ dúdú kirimú, kò dún "bíì" kankan. Mo ti pààrọ̀ wáyà iná, mo ti gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì míì, ibi pẹlẹbẹ náà lọ̀bẹ ṣì fi ń lélẹ̀.
Ohun tó ń dùn mí jù ni fọ́tò màmá mi tó wà nínú hard disk ẹ̀. Màmá ò sí mọ́, mi ò sì ní fọ́tò yẹn síbòmíì. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

alágbẹ̀dẹ_wáyà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, kò tíì parí rárá. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí fọ́tò màmá, ó ṣọ̀wọ́n kí hard disk ṣe báyìí. Tó bá jẹ́ òun ló bàjẹ́, kọ̀ǹpútà á sábà ṣì tàn, á kọ ọ́ sójú mọ́nítọ̀ pé òun ò rí i.
Ẹ yọ wáyà, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́lẹ̀ fún bíi sẹ́kọ́ńdù 15 kí iná tó kù nínú ẹ̀ lè tán. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí ẹ̀ ná, torí iná tó wà lára èèyàn lè ba RAM jẹ́, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ yọ RAM, ẹ máa rí etí ẹ̀ tó ń dán bíi góòlù, rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ rọra fi nù ún. Ẹ dá ẹyọ kan péré padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí á fi dún "kà", kẹ́ ẹ tún tan án wò.

etí_ìgbọ́:
Ẹ má bínú, ìbéèrè kan. Kó tó dákẹ́ pátápátá, ṣé kò ti ń yọ yín lẹ́nu tẹ́lẹ̀? Bíi kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ kó tó gbà, tó bá sì ti móoru tán á ṣiṣẹ́ dalẹ́?

òwúrọ̀_kùtù:
Háà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Ó ti tó oṣù 2. Mo ti nu RAM, mo dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yí padà.

etí_ìgbọ́:
Ó ti ń sọ fún yín láti oṣù 2 yẹn nìyẹn. Kapásítọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn nǹkan roboto tó dà bí agolo kékeré yẹn, omi kan wà nínú wọn tó máa ń gbẹ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tó bá ti ń gbẹ wọn ò ní lè mú iná dúró dáadáa mọ́, pàápàá tí wọ́n bá tutù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àyíká CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ẹ wo orí wọn. Èyí tó dáa á tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tó ti bàjẹ́ á wú, nígbà míì nǹkan pupa rúsúrúsú á ti sun jáde lórí ẹ̀. Tí gbogbo wọn bá tẹ́, power supply, àpótí irin tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, ni kẹ́ ẹ fura sí.
Ẹ má ṣí power supply yẹn o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, iná inú ẹ̀ lè gbé èèyàn kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ wáyà. Ẹ yá ti ẹlòmíì fi dán an wò. Wáyà ńlá onípínnì 24 wà, kékeré onípínnì 4 tàbí 8 tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ CPU, ìyẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

òwúrọ̀_kùtù:
Ó ti tàn o!!! Orí gbogbo wọn tẹ́, mo bá yá power supply àbúrò mi. Fáànù kọ́kọ́ ń yí tí mọ́nítọ̀ ò mọ́lẹ̀, àyà mi já, àṣé wáyà kékeré yẹn ni mo gbàgbé lóòótọ́. Bí mo ṣe kì í bọ̀ ọ́ báyìí, "bíì" kan ṣoṣo, ó wọlé. Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ aago ẹ̀ ní ọdún 2010 la wà?

alágbẹ̀dẹ_wáyà:
Ẹ kú oríire! Bátìrì pẹlẹbẹ tó ń mú aago ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára motherboard, pátákó ńlá inú ẹ̀, ló ti kú, CR2032 lorúkọ ẹ̀, kò ṣòro pààrọ̀. Ẹ kó fọ́tò màmá jáde ná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan míì, ibi méjì ni kẹ́ ẹ kó o sí.

òwúrọ̀_kùtù:
Mo ti ń kó wọn sórí fíláàṣì. Èyí tó wà lójú mọ́nítọ̀ báyìí, màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.