Òjò àkọ́rọ̀ ti dé ní Ìlọrin: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe sí ẹ̀yìnkùlé mi?

Ìyàwó Tankẹ
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà. A ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé ní Tankẹ, iyanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ọwọ́ sì ń yún mi. Ewédú, ata rodo àti àgbàdo díẹ̀ ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ dáwọ́ lé?

Áfáà Gáà-Àkànbí
Ẹ kú iṣẹ́, ìyàwó wa. Ẹ má tíì gbin àgbàdo. Lóṣù kẹrin, òjò ìhín lè rọ̀ lónìí kó tún wá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àgbàdo á ti hù, oòrùn á sì pa á. Ẹ fi ọkọ́ wa ilẹ̀ wò: bí òkè bá tutù tí ìsàlẹ̀ ṣì gbẹ, ẹ ní sùúrù. Ẹ ro ilẹ̀ báyìí, ẹ kọ ebè, kí ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà mọ́ ọn. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò.

Ìyá Ọ̀fà
Òótọ́ ni Áfáà sọ nípa àgbàdo, àmọ́ ata ò gbọdọ̀ dúró. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà kí ọmọ ata rodo tó ṣeé tú gbìn. Ìyàwó mi, wá abọ́ tó ti gbó, lu ihò sí ìdí rẹ̀, da ilẹ̀ dúdú sí i, kí o gbin ín lọ́sẹ̀ yìí. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o tú u lọ sóko.

Ewédú gan-an ló ń dùn mí láti sọ. Bí kò bá hù, àwọn èèyàn á ní ẹni tó ta irúgbìn fún àwọn ló rẹ́ àwọn jẹ. Èèpo rẹ̀ ló le, omi ò ráyè wọlé. Di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́. Bí omi bá ti hó, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ti aṣọ náà bọ̀ ọ́, ka ení dé àrún, yọ ọ́, kí o sì jù ú sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó ti jinná nìyẹn. Sá a kó gbẹ, kí o pò ó mọ́ iyanrìn kó lè tú ká dáadáa bí o bá ń fọ́n ọn.

Àgbẹ̀ Òmù-Àrán
Bí àgbàdo bá ti hù, ẹ máa yẹ àárín ewé rẹ̀ wò láràárọ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí eruku pákó níbẹ̀, kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, tó wọ Nàìjíríà ní 2016 yẹn, ti dé nìyẹn. Ẹ fọwọ́ mú un pa, kí ẹ bu eérú díẹ̀ síbẹ̀.

Ìyàwó Tankẹ
Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ìgbẹ́ màlúù ló sún mọ́ wa. Ṣé ó dára?

Áfáà Gáà-Àkànbí
Ó dára gan-an. Ẹ kó o jọ, ẹ máa bomi sí i, ẹ máa yí i, títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Ìdí ni pé irúgbìn koríko máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.