Wọléwọlé já ìwé fún ilé bàbá wa n'Ìbàdàn: onílé ni yóò tún un ṣe àbí ayálégbé?

Àbẹ̀kẹ́ Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Bàbá wa fi ilé alájà kan sílẹ̀ n'Ìbàdàn, nísàlẹ̀ kan tí kò jìnnà sódò Ògùnpa. Èmi àtàwọn àbúrò mi ò gbébẹ̀ mọ́, ayálégbé ló kún un. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọléwọlé yọ sí wọn, wọ́n wo ilé yíká, wọ́n sì já ìwé. Ìyá tó ń gbé yàrá iwájú ya fọ́tò rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé gọ́tà iwájú ilé ti dí, koríko ti bo ẹ̀yìnkùlé, ọmọrí soakaway ti fọ́ tí omi ìdọ̀tí sì ń ru jáde, àti pé àwọn táyà àlòkù kan wà tó ń gbomi dúró. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wa.

Àwọn ayálégbé ní onílé ni wọ́n já ìwé fún. Àbúrò mi ọkùnrin ní ẹni tó dọ̀tí ilé ni kó tún un ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá sì ti pè mí, ó ní tí mo bá fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́, òun á bá wa wá nǹkan ṣe sí i. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ ni? Kí ló jẹ́ tiwa níbẹ̀, kí ló jẹ́ tiwọn?

Bàbá Tọ́ọ̀ṣì:
Ọmọ mi, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Iṣẹ́ wọléwọlé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ìwé ìkìlọ̀ nìyẹn. Ẹ tún ibẹ̀ ṣe kí ọjọ́ tó pé, ọ̀rọ̀ parí. Bí ọjọ́ bá pé tí nǹkan ò yí padà ni wọ́n tó lè gbé yín lọ sí kóòtù, adájọ́ ló sì ń bu owó ìtanràn. Ẹni tó mú bírò dání lẹ́nu ọ̀nà yín ò láṣẹ ìyẹn.

Nípa ta ni yóò ṣe kí ni, òfin ìlera ìlú ti là á sílẹ̀ látayé òyìnbó. Bó bá jẹ́ pé ara ilé fúnra rẹ̀ ló ní àbùkù, onílé ni wọ́n ń já ìwé fún. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ojoojúmọ́, ẹni tó ń gbénú ilé ni. Soakaway jẹ́ tìrẹ àtàwọn àbúrò rẹ. Koríko àti táyà jẹ́ tàwọn ayálégbé. Ká ní ilé yẹn ṣófo ni, gbogbo rẹ̀ pátá ì bá bọ́ sí yín lọ́rùn.

Táyà yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó kúrò, kí wọ́n má dúró di ọjọ́ keje. Nígbà tiwa, ìdí àmù la ti ń bẹ̀rẹ̀. A á ṣí ọmọrí, a á tan tọ́ọ̀ṣì sínú omi. Tá a bá ti rí tanwíjí tó ń jó lọ sókè sódò, a dà á nù nìyẹn, ìyálé ilé á wá máa wò wá bí ẹni pé a jí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Àmù ti dàwátì báyìí, táyà àti kẹ́ẹ̀gì làwọn ẹ̀fọn ń yé sí. Láàárín bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ẹyin yẹn ti dẹni tó ń fò.

Yàrá Ẹ̀yìn:
Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ṣùgbọ́n ayálégbé lèmi náà, ẹ jẹ́ n béèrè: gọ́tà tó wà létí títì, ṣé tiwa náà ni? Ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ló ni ín? Níbi tí mò ń gbé, yanrìn tí bíríkìlà onílé dà sílẹ̀ nígbà tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù ló dí i. Àwa ni wọ́n sì ní ká wá kó o.

Bàbá Tọ́ọ̀ṣì:
Òótọ́ lo sọ. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbé gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbígbá iwájú ilé ẹni kò tìtorí ìyẹn kúrò lọ́rùn ẹni. Ti yanrìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, onílé rẹ ni kó kó o.

Ẹrọ̀fọ̀ tẹ́ ẹ bá kó jáde, ẹ má fi sétí gọ́tà. Ẹ ó kó o láàárọ̀, òjò á rọ̀ lálẹ́, á sì padà síbi tó ti wá. Ẹ jẹ́ kó ro díẹ̀, kẹ́ ẹ kó o sínú àpò sìmẹ́ǹtì, kí ọkọ̀ ìdọ̀tí gbé e lọ. Kẹ́ ẹ sì ti ọ̀pá bọ abẹ́ afárá kékeré tẹ́ ẹ fi ń wọlé. Ibẹ̀ ló sábà máa ń dí. Tó bá jẹ́ páìpù tóóró ni wọ́n rì síbẹ̀, iṣẹ́ onílé nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́, ìsàlẹ̀ Ògùnpa lo pè é, àbí? Èmi wà n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Omi gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún pa èèyàn nígboro kan náà. Tí wọléwọlé bá ń pariwo gọ́tà ládùúgbò yẹn, ẹ má bínú sí i.

Onílé Orí Àpáta:
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ti soakaway yẹn ni kẹ́ ẹ fojú sí o, òun ló máa náwó. Ẹ má kàn ní kí bíríkìlà dé e. Ẹ kọ́kọ́ pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́, kí wọ́n fà á, kẹ́ ẹ wá wò ó lẹ́yìn òjò kan. Tó bá tètè kún padà, omi ilẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́, ó sì wọ́pọ̀ létí odò. Ọmọrí tuntun ò ní yanjú ìyẹn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe èyíkéyìí, kí wọ́n fi pákó tó le dé ojú ihò yẹn lónìí, nítorí àwọn ọmọdé.

Àbẹ̀kẹ́ Ìkòròdú:
Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará. Mo ti ní kí wọ́n ti ọ̀pá bọ abẹ́ afárá yẹn. Kò kọjá, tiwa nìyẹn náà. Ìyá yàrá iwájú ní àwọn á ro koríko lọ́jọ́ Sátidé. Táyà nìkan ni ò lólúwa báyìí, kálukú ní òun kọ́ ló gbé e wá. Ta ló mọ ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ tí owó rẹ̀ ò gani lára lápá Mólété?